Oògùn ojú kì í dúró sójú

Dókítà á béèrè oògùn tí èèyàn ń lò, aláìsàn á ka gbogbo oníhóró tán, kò ní dárúkọ èyí tó ń kán sójú. Wọ́n rò pé ibi tí wọ́n kán an sí náà ló ń gbé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi steroid, oògùn tó ń mú kí ojú pípọ́n àti wíwú rọlẹ̀, ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ̀kán kan lè tó máíkírólítà 50, ojú ò sì gbà ju nǹkan bí 30 lọ. Díẹ̀ á ṣàn sẹ́rẹ̀kẹ́, òmíràn á gba ihò tín-ín-rín tó wà ní igun ojú lápá imú. Ihò yìí kan náà ló ń mú kí ẹni tó ń sunkún máa fun ikun. Ó já sínú imú, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ibẹ̀ sì ni oògùn ti ń wọ ara.

Oògùn tí a gbé mì ní láti kọ́kọ́ kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, oníbodè tó ń gba tirẹ̀ lára gbogbo ẹrù. Èyí tó gba imú, fàyàwọ́ ló ṣe. Kò burú púpọ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó ń yí kiri á padà gbé e dé bodè, ẹ̀dọ̀ á sì fọ́ ọ túútúú. Ṣùgbọ́n ritonavir àti cobicistat, tí wọ́n wà lára oògùn HIV, máa ń di oníbodè yìí lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ń kán steroid léraléra fún ìgbà pípẹ́, ẹrù fàyàwọ́ á máa gbára jọ. Gbogbo ojú ẹni náà títí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú rondo, ẹṣẹ́ (gland) tó wà lórí kíndìnrín sì lè dẹ́kun pípèsè steroid ti ara fúnra rẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀. Ìka kan tí a fi tẹ igun ojú fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lẹ́yìn tí a kán an ń dí ọ̀nà fàyàwọ́ náà. Ó yani lẹ́nu pé wọn kì í sábà sọ ọ́ fún aláìsàn.

Ti àìsàn tí èèyàn ti ní tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ní glaucoma (àìsàn tó ń ba iṣan ìríran jẹ́), tàbí tí òbí rẹ̀ ní in, àti alátọ̀gbẹ, ìfúnpá inú ojú wọn tètè máa ń lọ sókè bí wọ́n bá ń kán steroid, láìsí ìrora kankan.

Ti kòkòrò herpes tó wọ ojú ló ń tanni jẹ jù. Pípọ́n tí ojú ń pọ́n, ariwo àwọn ọmọ ogun ara ni. Steroid á dá wọn padà sílé, ojú á funfun, aláìsàn á dúpẹ́. Àmọ́ lórí awọ dídán iwájú ẹyinjú, egbò tó rí bí ẹ̀ka igi tẹ́lẹ̀ á máa fẹ̀, títí ẹ̀ka ò fi ní hàn mọ́, tí gbogbo rẹ̀ á di pápá.