Ọkọ̀ àtijọ́ tí sílò rẹ̀ kò dúró, tí kò sì tètè sítáàtì

Ọkọ̀ tó ti dàgbà lè máa sáré geere lójú títì. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsẹ̀lẹ́rétọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́ títí kó tó jí. Àìsàn kan náà ló sábà máa ń fa méjèèjì. Ní sílò, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ àsẹ̀lẹ́rétọ̀, ẹ́ńjìnnì ń yí nǹkan bí 700 sí 900 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, ilẹ̀kùn tọ́rótù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò sì tó nǹkan. Nígbà tí kíìkì sítátà bá ń yí i, ó tún lọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbùkù kékeré tí eré máa ń bò mọ́lẹ̀ kò ní ibi tó lè sá sí.

Kí a tó ra ohunkóhun, ká kọ́kọ́ mọ ìgbà tó máa ń ṣe é. Bó bá jẹ́ láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ̀rọ tó ń fún un ní epo púpọ̀ nígbà òtútù la máa fura sí: ṣóòkì lára ọkọ̀ oníkábúrétọ̀, tàbí sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ìgbóná omi lára ọkọ̀ onínọ́sù, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí bí nọ́sù ṣe ń fín epo sí ẹ́ńjìnnì. Sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kọ̀ǹpútà á sì fún epo pa. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìn tó gbóná, tí wọ́n pa á fún ogún ìṣẹ́jú, ni kò jí mọ́, epo ti lè kún inú rẹ̀ jù, tàbí kí kọ́ìlì, tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, máa kú nígbà tó bá gbóná, kó tún jí tó bá tutù. Bí òórùn pẹtiróòlù bá wà, tí plọ́ọ̀gì sì rin, ó lè jẹ́ pé epo ló kún un jù.

Ọ̀nà kan wà tí kò náni ní kọ́bọ̀ lára ọkọ̀ onínọ́sù. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, ẹ má sítáàtì, ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ dá a padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó wá sítáàtì. Bó bá jí lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé epo tó yẹ kó dúró nínú páìpù ti padà sínú táǹkì lóru, tàbí kí nọ́sù kan máa jò.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé bátìrì náà. Èyí tó kún, tí nǹkan kan ò máa lo iná rẹ̀ lọ́wọ́, máa ń wọn nǹkan bíi fóltì 12.6. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 9.6 nígbà tí a ń sítáàtì, kíìkì sítátà ti ń jẹ gbogbo iná, plọ́ọ̀gì ò rí èyí tó tó. Ẹ wo orí bátìrì àti wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi.

Ibi tó yẹ ká lo àkókò jù ni ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Gbogbo afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń lò ló yẹ kó gba ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, kí epo lè bá a dọ́gba. Bí họ́ọ̀sì rọ́bà bá ti sán, tàbí gáskẹ́ẹ̀tì mánífóòlù (páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àwọn sìlíńdà) ti jó, èyí tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀n á gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní sílò, ìwọ̀nba yẹn pọ̀ lójú ẹ́ńjìnnì. Lórí eré, kò já mọ́ nǹkan kan. Ìdí nìyí tí gbígbọ̀n náà fi máa ń dáwọ́ dúró bí a bá tẹ àsẹ̀lẹ́rétọ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ẹ tẹ́tí sí ohùn tó ń ṣe “sùúù”. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu púláyà, kí ẹ máa fún họ́ọ̀sì pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó lọ síbi bústà búréèkì (ohun tó ń mú kí búréèkì rọrùn láti tẹ̀), nítorí òun ló sanra jù. Bí sílò bá yí padà, ibi tó ń jò wà lẹ́yìn ibi tí a fún, ní ìhà tó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fọwọ́ pa abẹ́ àwọn rọ́bà náà, ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sán sí tí ojú ò ní rí i. Fún mánífóòlù, ẹ fín omi ọṣẹ díẹ̀díẹ̀ sí ojú ìpàdé rẹ̀, kí ẹ gbọ́ bóyá ohùn á yí. Oògùn ìfọ kábúrétọ̀ tètè fi ibi tó ń jò hàn, àmọ́ iná lè ràn mọ́ ọn lára sàlẹ́ńsà tó gbóná. Omi ọṣẹ ló dára jù fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò tíì mọ́ ọn lára.

Bí kò bá sí ibi tó ń jò, ká wá sìlíńdà tó ń ṣọ̀lẹ. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ wáyà plọ́ọ̀gì kan, ẹ fi irin so ó mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kí iná má ba kọ́ìlì jẹ́, kí ẹ tún sítáàtì. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a padà, ẹ lọ sórí èkejì. Èyí tí a yọ tí ohùn ẹ́ńjìnnì ò sì yí padà ni ọ̀lẹ. Ẹ ṣí plọ́ọ̀gì rẹ̀: àwọ̀ bíi búrẹ́dì yíyan dára; bó bá dúdú tó sì gbẹ, epo pọ̀ jù; bó bá dúdú tó sì ń yọ̀, ọ́ìlì ń wọlé; bó bá funfun, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Àyè ẹnu plọ́ọ̀gì lára ọkọ̀ tó ní kọ́ńtáàtì (irin kékeré méjì tó ń so iná kọ́ìlì, tó tún ń já a) sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 0.6 sí 0.8, àyè kọ́ńtáàtì fúnra rẹ̀ nǹkan bí 0.4.

Plọ́ọ̀gì tuntun tí kò yí nǹkan padà ló ń sọ pé ká wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú sìlíńdà. Iye tó wà ní sìlíńdà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá kéré, ẹ ta ọ́ìlì ṣíbí kan sí i, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá gòkè, ríǹgì písítìnì ti jẹ. Bó bá dúró síbi tó wà, fáàfù tàbí gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni.

Ìgbẹ̀yìn ni kí a fọwọ́ kan ìdè sílò, síkúrúù tí a fi ń mú sílò lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń yí i sókè láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ má bàa kú. Bí wọ́n bá wá dí ibi tó ń jò, ẹ́ńjìnnì á máa yí tó ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà náà ni kí a dá a padà sísàlẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì sì ti gbóná dáadáa ká tó yí i.