Òdòdó Tó Ń Mu Omi Bákan Náà Ni Ká Gbìn Sójú Kan

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ebè òdòdó sí iwájú ilé rẹ̀ sábà máa ń ti orí àwọ̀ bẹ̀rẹ̀. Á ní pupa àti yẹ́lò lòun fẹ́, tàbí funfun nìkan. Á lọ bá àwọn tó ń ta fúláwà létí títì, á ra gbogbo èyí tó bá àwọ̀ náà mu, á sì kó wọn sójú kan. Oṣù méjì àkọ́kọ́, àlejò á máa yìn ín. Kí ọyẹ́ tó wọlé tán, àwọn kan ti gbẹ, gbòǹgbò àwọn tó kù sì ti ń jẹrà nítorí omi tí wọ́n ń bù lé èyí tó ń gbẹ. Ixora pupa àti bougainvillea pupa lè bára mu lójú, ṣùgbọ́n ixora fẹ́ kí abẹ́ òun máa tutù díẹ̀ nígbà gbogbo, bougainvillea ní tirẹ̀ a máa tanná jù nígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́. Ẹ máa bomi rin bougainvillea lójoojúmọ́, ewé lásán ni yóò fi máa ṣe fújà.

Nítorí náà, kí ẹ tó pinnu ohun tí ebè yín yóò dúró fún, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ohun méjì lẹ ń wò: oòrùn àti omi.

Oòrùn kò rọrùn tó bí a ṣe rò. Ní ìhà tiwa, láti Èkó títí dé Ìbàdàn àti Òṣogbo, oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí àríwá díẹ̀ láti nǹkan bí àárín oṣù Kẹrin títí di ìparí oṣù Kẹjọ. Lẹ́yìn náà, yóò tẹ̀ sí gúúsù, ìgbà ọyẹ́ ló sì máa ń tẹ̀ jù. Ebè tí ẹ ṣe mọ́ ògiri ní ìhà àríwá ilé lè gba oòrùn dáadáa nínú oṣù Kẹfà, kó wá wà lábẹ́ òjìji ilé látàárọ̀ títí di alẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Ilé tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 20 lè ta òjìji tó tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí ìhà àríwá lọ́sàn-án oṣù Kejìlá. Bó bá jẹ́ òdòdó ọdún Kérésìmesì lẹ fẹ́, ìhà gúúsù ilé tàbí gbangba ni kí ẹ lọ. Òdòdó tó bá ń fẹ́ oòrùn gidi kò gbọdọ̀ rí èyí tó dín sí wákàtí 6 lójúmọ́.

Ní ti omi, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ bu omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún bu òmíràn. Bí ìkejì bá fà tán láàárín wákàtí mélòó kan, kò sí wàhálà. Bí omi bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé ebè sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tàbí kí ẹ fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ fún ìdò (canna), tí kò kọ ẹrẹ̀. Bí ilé kò bá ní gọ́tà òrùlé, ẹ wo ibi tí omi òjò ti ń já sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ebè jìnnà síbẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, torí omi yẹn máa ń gbẹ́ gbòǹgbò síta.

Ilé tuntun lẹ́jọ́ tirẹ̀. Ibi tí àwọn bíríkìlà ti po síméńtì, tí wọ́n da àpólà bulọ́ọ̀kù àti àjákù pákó sí, tí wọ́n wá fi ilẹ̀ pupa bò, ibẹ̀ gan-an ni onílé máa ń fẹ́ gbin ixora sí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ewé rẹ̀ á pọ́n bíi pupa ẹyin adìẹ, ṣùgbọ́n iṣan ewé náà á ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Àwọn èèyàn á rò pé ajílẹ̀ ló ń fẹ́, wọ́n á sì dà á sí i. Kì í ṣe ajílẹ̀. Ilẹ̀ tí síméńtì ti wọ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò ixora rí èròjà irin mu, bó tilẹ̀ wà nínú ilẹ̀ náà. Ẹ kó ilẹ̀ ibẹ̀ jáde ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, ẹ ṣa gbogbo àpólà bulọ́ọ̀kù kúrò, ẹ fi ilẹ̀dú dí i, kí ẹ sì gbin ixora jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 3. Ẹ ṣa àjákù pákó pẹ̀lú: ikán tó bá wá jẹ ẹ́ yóò jẹ gbòǹgbò òdòdó mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ebè tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fẹ̀ ní 4. A kì í jẹ́ kó fẹ̀ ju 4 lọ, torí ọwọ́ èèyàn kì í nà kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2 láìgun orí ebè, ilẹ̀ tí a bá sì tẹ̀ ti dì nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ó fara ti ògiri, méjì ààbọ̀ ti tó. Ẹ fi ọkọ́ tàbí ṣọ́bìrì tú u ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jinná lé e ní íńṣì 3, ìyẹn wílìbárò 4 sí 5, kí ẹ sì pò wọ́n pọ̀. Èyí tó jinná ni mo wí. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ fi tapólì bò ó, kí ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti dà bíi ti ilẹ̀ inú igbó, ó ti tó lò. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti po ilẹ̀ tán, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. Koríko yóò hù. Ẹ fi ọkọ́ há a lórí, ẹ má tún ilẹ̀ tú, torí èyí tẹ́ ẹ bá tún tú yóò gbé irúgbìn koríko mìíràn wá sókè.

Ó wá kan ohun tí ebè yóò dúró fún. Ebè ọdún Kérésìmesì, aláwọ̀ iná, ló rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Òdòdó mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ oòrùn, gbogbo wọn ló sì ń mu omi bákan náà: òdòdó oòrùn (sunflower) lẹ́yìn, ṣọkọyòkòtò láàárín, marigold níwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ṣọkọyòkòtò sínú ọbẹ̀ nìkan, ìyá kan náà ló bí i àti òdòdó onírù tàbí elógbe àkùkọ tí wọ́n ń tà ní páálí lówó ńlá. Ẹ wá èyí tó pupa, kí ẹ má já a jẹ. Ẹ gbin ṣọkọyòkòtò ní àárín oṣù Kẹsàn-án, torí òun ló pẹ́ jù kó tó yọ orí. Ẹ gbin òdòdó oòrùn àti marigold ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kẹwàá. Wọ́n máa ń là ní bí ọ̀sẹ̀ 8 sí 10. Lórí ebè ẹsẹ̀ bàtà 10 yìí, òdòdó oòrùn 6 ni ẹ ó tò sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ síra, ṣọkọyòkòtò 9 sáàárín ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, marigold ìlà méjì níwájú ní íńṣì 9 síra, nǹkan bí 26. Wọ́n á jọ pé wọn ò tó nǹkan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbìn wọ́n. Ẹ má fi kún un.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀ àfìgbà tó bá ti ṣẹlẹ̀. Òdòdó oòrùn tó bá ti gbó kì í tẹ̀ lé oòrùn kiri mọ́. Ìlà oòrùn ló máa ń kọjú sí títí. Bí gééètì yín bá wà ní ìwọ̀ oòrùn ebè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo àlejò yóò máa rí. Ẹ ṣe ebè náà síbi tí ẹni tó ń wò ó yóò ti dúró ní ìlà oòrùn rẹ̀.

Òjò á dáwọ́ dúró ní kùtùkùtù oṣù Kọkànlá. Látìgbà náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 márùn-ún lẹ ó máa bù sí gbogbo ebè náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láàárọ̀. Èyí sàn ju díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ lọ, torí omi tí kò wọlẹ̀ jìn á jẹ́ kí gbòǹgbò dúró sókè, níbi tí ọyẹ́ ti máa kọ́kọ́ gbẹ ẹ́.

Ebè ìrọ̀lẹ́ yàtọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́, tí wọn kì í rí ojú ilé wọn lọ́sàn-án, ló wà fún. Funfun ni àwọ̀ rẹ̀, torí òun ni ojú ń rí lábẹ́ òṣùpá, tàbí nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Òórùn ni ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Tannáposó ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀: nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀ ló ń là, á sì padé lówùúrọ̀. Ẹ rẹ kóró rẹ̀ sómi mọ́jú, ẹ rì í ní íńṣì 1, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 2 síra. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń tan funfun ni kí ẹ so okùn mọ́ kí ẹ tó gba kóró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ mìíràn lè yọ síbẹ̀. Ẹ fi Queen of the Night kan ṣoṣo sẹ́yìn, kó jìnnà sí fèrèsé yàrá ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ó kéré tán. Òórùn rẹ̀ dùn lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń fọ́ni lórí nítòsí. Ní ọ̀pọ̀ oṣù, láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá bá wa, nítorí náà, ìhà yẹn ni kí ebè wà sí ibi tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí. Kóró tannáposó àti èso Queen of the Night ní májèlé. Ilé tí ọmọ kékeré bá ti ń rákò kiri, ẹ fi ebè yìí sílẹ̀ ná.

Àwọn kan ní fúláwà ń fa ejò wọlé. Igbó ló ń fà á, àti eku òun ọ̀pọ̀lọ́ tó fara pamọ́ sínú igbó náà. Ẹ máa gé ẹ̀ka tó bá kan ilẹ̀.

Ebè tó wu ọ̀pọ̀ Yorùbá, tó sì ń kú jù lọ, ni ebè ewé ẹ̀rọ̀: ọ̀dúndún, rinrin, tẹ̀tẹ̀, kí pèrègún dúró tì wọ́n. Lẹ́nu wa, wọn kì í fira wọn sílẹ̀. Nínú ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dúndún, ọba ewé, ń tọ́jú omi pa mọ́ sínú ewé rẹ̀ tó nípọn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nínú omi, yóò jẹrà. Rinrin ò ní gbòǹgbò tó jìn, ibi òjìji tó tutù, bí ìdí ògiri balùwẹ̀, ni ilé rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ sì ń fẹ́ oòrùn gbangba. Ẹ tò wọ́n mọ́ra lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ó di dandan kí ọ̀kan kú.

Ohun tí a máa ń ṣe ni pé ká jẹ́ kí ebè náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí orí kan ga ju èkejì lọ ní íńṣì 6 sí 8. Ní orí tó ga, ẹ po yanrìn wílìbárò 1 mọ́ ilẹ̀dú 2, kí ẹ sì gbin ọ̀dúndún síbẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni ẹ ó gé, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 kí ojú ọgbẹ́ gbẹ, kí ẹ tó kì í bọlẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ni ti àárín. Ní ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ri igi pèrègún 3 tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2, íńṣì 6 nínú ilẹ̀, kí rinrin wà lábẹ́ òjìji wọn. Omi tẹ́ ẹ bá bù yóò máa ṣàn lọ bá ẹni tó ń fẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi àbámodá kún un, inú ìkòkò ni kó wà, torí ọmọ tó ń hù létí ewé rẹ̀ yóò jábọ́, yóò sì gba gbogbo ebè.

Ẹni tó máa ń rìnrìn àjò, tí kò sẹ́ni tí yóò bá a bomi, kó gbin bougainvillea, periwinkle àti ọjá ìkookò. Ọ̀sẹ̀ 2 láìsí omi kò ní pa wọ́n bí wọ́n bá ti fìdí múlẹ̀.

Koríko gbígbẹ íńṣì 2 lórí ilẹ̀ ń dín omi kù, ṣùgbọ́n kó má fara kan igi òdòdó, nítorí ikán. Ní ti ajílẹ̀ NPK 15-15-15, ìdajì agolo mílíìkì ti tó fún gbogbo ebè ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ́sẹ̀ kẹta, ìdajì lọ́sẹ̀ kẹfà, kẹ́ ẹ sì bomi lé e. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ á di ewé láìsí òdòdó. Ìrẹ̀ ló ń gé òdòdó kékeré lulẹ̀ lóru. Ẹ gé ike omi ní íńṣì 4, ẹ fi yí i ká. Tata máa ń kóra jọ lówùúrọ̀ ọyẹ́, òtútù ò jẹ́ kí wọ́n fò, ìgbà náà ni kí ẹ fọwọ́ ṣà wọ́n. Bí nǹkan funfun bí òwú bá lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí kékeré 1 mọ́ omi lítà 1, ẹ fọ́n ọn sí i nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì wá ihò èèrà tó ń kó wọn wá.

Nígbà tí orí ṣọkọyòkòtò bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ nínú oṣù Kìíní, ẹ gé èyí tó pupa jù, ẹ gbọ̀n ọ́n sínú àpò bébà, kí ẹ kọ àwọ̀ àti oṣù sí i lára. Kóró rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì kéré púpọ̀. Àpò tó lihò á ti jò tán kí oṣù Kẹsàn-án tó dé.