Ariwo ṣéènì kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀yà

Ariwo ṣéènì lẹ́yìn ìpààrọ̀ ẹ̀yà ni ariwo tó ń bẹ̀rẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ ológeere nígbà tí wọ́n bá fi ṣéènì, irin eléyín tàbí wáyà gíà tuntun sí i. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀yà tuntun náà kò bàjẹ́. Èyí tí wọn kò pààrọ̀ ni kò bá a mu mọ́.

Ṣéènì tuntun, eyín àtijọ́

Ṣéènì onírólà, irú èyí tí Hans Renold gba ìwé àṣẹ fún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1880, ní ìwọ̀n kan pàtó lára kẹ̀kẹ́: láti àárín píìnì kan (irin kékeré tó so àwọn ojú ṣéènì pọ̀) sí àárín èkejì jẹ́ mílímítà 12.7. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, píìnì àti ihò rẹ̀ a máa jẹ ara wọn. Àwọn èèyàn a ní ṣéènì ti fà, ṣùgbọ́n irin rẹ̀ kò fà; ihò ló fẹ̀. Bó ṣe ń gùn sí i ló ń jẹ ìdí eyín, tí àwọn méjèèjì á sì jọ máa gbó lọ láìpariwo. Ọjọ́ tí ṣéènì tuntun bá dé ni àṣírí ń tú. Kòtò ìdí eyín ti fẹ̀ ju ìwọ̀n tuntun lọ, rólà, ìyẹn òrùka kékeré tó yí píìnì ká, á wá máa gun orí eyín. Bí a bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gidi, pàápàá tí a bá ń gun òkè, á fò, á dún "gbà!". Àmì tó dájú jù ni pé irin eléyín kan tàbí méjì tí ẹni náà ń lò jù ló ti ń fò, tí àwọn yòókù ń lọ geere.

Rúlà lásán lè fi èyí hàn. Àlàfo 24 láti píìnì sí píìnì lára ṣéènì tuntun jẹ́ mílímítà 304.8. Tó bá ti tó nǹkan bíi 307, eyín ẹ̀yìn náà ti lè jẹ tán, ó sì sàn kí wọ́n pààrọ̀ wọn pọ̀.

Ojú tí wọ́n ti so ṣéènì pọ̀ náà yẹ ní wíwò. Bí píìnì ibẹ̀ bá le jù, ojú náà kì í tẹ̀. Ẹ fọwọ́ yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo apá gíà ẹ̀yìn, èyí tó ń gbé ṣéènì láti irin eléyín kan sí òmíràn: gbogbo ìgbà tí ojú yẹn bá kọjá ni apá náà ń ta. Fífi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ sábà máa ń tú u.

Títo gíà

Wáyà tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé ẹnu rọ́bà tó bò ó ń jókòó sáyè rẹ̀. Ṣéènì á wá máa ha irin eléyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́". Yíyí kókó tó ń fa wáyà díẹ̀díẹ̀ ló ń wò ó. Bí gíà kan bá dára tí òmíràn bá tún bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kí etí irin tí apá gíà so mọ́ ti wọ́. Kò sí nọ́ọ̀tì tí a lè yí tó máa tún ìyẹn ṣe.

Tó bá ń ha nínú gbogbo gíà láìdáwọ́ dúró, ẹ wo àárín rólà kékeré méjì tó wà lára apá gíà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábà máa ń wà níbẹ̀, ó sì rọrùn láti gba ṣéènì kọjá lódìkejì rẹ̀.

Ariwo ibòmíràn

Ariwo tó ń dún lẹ́ẹ̀kan ní yíyí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè wá láti ibi tí wọ́n ti yí pẹ́dà wọ apá rẹ̀ tí kò ní gíríìsì. Tó bá dákẹ́ nígbà tí a dìde lórí ìjókòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìjókòó ló ń dún.