Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé epo ràgàjì sí ìlú kékeré: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn ń jáde ní Amẹ́ríkà pé àwọn ará ìlú kéékèèké ń bá iléeṣẹ́ elépo fa ọ̀rọ̀ torí travel center tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí tòsí wọn. Àwọn kan ò mọ ohun tó ń bí wọn nínú. Àwọn tiwa tó ń gbé lágbègbè bẹ́ẹ̀ náà ń béèrè bóyá kí àwọn sá ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò.

Kí ni travel center gan-an?
Ilé epo ni, àmọ́ ó ju ilé epo lọ. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ló máa ń wà, epo, oúnjẹ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ńlá, tọ̀sán-tòru. Ẹ wo ti Buc-ee's, iléeṣẹ́ kan tó ń kọ́ irú ẹ̀: èyí tí wọ́n ṣí sí Luling ní Texas lọ́dún 2024, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nìkan fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù kan, pọ́ọ̀ǹpù 120 ló sì wà níta.

Ṣé gbogbo ẹ̀ ló ń gba tírélà?
Rárá. Buc-ee's ò gba tírélà ńlá láyè, àwọn iléeṣẹ́ míì bíi Pilot, Love's àti TA ló ń gbà wọ́n, ẹ tètè béèrè èyí torí ewu méjèèjì ò jọra.

Èwo ló léwu jù nínú gbogbo ẹ̀?
Títì ni. Olè ni gbogbo èèyàn ń pariwo, títì ló sì máa ń pààyàn. Ẹ wò ó báyìí, ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní márosẹ̀, ó dé iná tráfíìkì tó wà lórí títì tẹ́ẹ̀rẹ́ tí bọ́ọ̀sì iléèwé ń gbà, iná yẹn ò sì lè tú wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dé, ni ìlà bá ń gùn sẹ́yìn títí ó fi padà dé orí márosẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lórí eré máìlì 70 yọ síbẹ̀, ó bá ọkọ̀ tó dúró gbagidi. Tó bá wá jẹ́ tírélà tó gbẹ́rù, tí òfin gbà kó wúwo tó 80,000 pọ́n-ùn, bíréèkì ẹ̀ ò lè mú un dúró kíákíá bíi ti mọ́tò kékeré.

Iléeṣẹ́ á mú ìwé wá pé àwọn ti ka ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kà á, ṣé àárọ̀ Túsìdeè ni àbí ìgbà ọdún tí gbogbo ayé ń rìnrìn àjò? Wọ́n tún máa ń sọ pé ọkọ̀ tó pọ̀ jù níbẹ̀ ti wà lójú títì tẹ́lẹ̀, àwọn kọ́ ló kó wọn wá. Lóòótọ́ wọ́n wà lórí márosẹ̀, àmọ́ wọn ò sí lórí títì tiyín. Ibẹ̀ yẹn ni kẹ́ẹ tẹ̀ mọ́.

Ọ̀daràn ò ní pọ̀ sí i?
Ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́bà tírélà kì í ṣe ọ̀daràn, mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣì mí gbọ́ níbí. Òfin ní tí wọ́n bá ti wa ọkọ̀ fún wákàtí 11 wọ́n gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 10, ibo ni kí wọ́n sinmi sí? Lọ́dún 2009, dírẹ́bà tírélà kan tó ń jẹ́ Jason Rivenburg ò ríbi páàkì sí ní South Carolina, ó lọ dúró ní ilé epo tí wọ́n ti pa tì, ibẹ̀ ni olè ti yìnbọn pa á, ìyàwó ẹ̀ sì lóyún ìbejì nígbà yẹn. Torí ẹ̀ ni òfin tí wọ́n ń pè ní Jason's Law ṣe jáde ní 2012, kí ààyè páàkì tó láàbò lè pọ̀ sí i. Ibi tí iná wà, tí èèyàn ò dá níbẹ̀, ààbò ló jẹ́ fún wọn.

Àmọ́ níbi tí èrò bá pọ̀ sí, wọ́n á máa pe ọlọ́pàá: wọ́n jí nǹkan, ẹnìkan mutí yó, ẹnìkan dákú. Ọlọ́pàá mélòó ló wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú yín láago méjì òru? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tó sì ti lọ síbẹ̀, ta ló máa dá ẹ̀yin lóhùn?

Iná ńkọ́?
Ilé epo tuntun kì í sábà gbiná. Àmọ́ omi lásán ò pa iná epo, fóòmù ni wọ́n fi ń pa á, ọ̀pọ̀ ìlú kékeré ló sì jẹ́ àwọn ará àdúgbò tó yọ̀ǹda ara wọn ni panápaná wọn. Ẹ bi ọ̀gá wọn bóyá fóòmù wà nílẹ̀.

Ṣé epo lè wọnú kàǹga wa?
Ó lè wọ̀ ọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni tánkì wà, tó bá jò, kẹ́míkà inú epo tí wọ́n ń pè ní benzene lè bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Tánkì ayé ìsinsìnyí máa ń ní ògiri méjì àti ẹ̀rọ tó ń ké tó bá ń jò. Síbẹ̀, tó bá jẹ́ kàǹga lẹ̀ ń mu, ẹ gbé omi yín lọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbẹ́lẹ̀ rárá, kẹ́ẹ tọ́jú èsì ẹ̀. Tí wàhálà bá dé lọ́jọ́ iwájú, ìwé yẹn lẹ máa fi hàn pé omi yín dáa tẹ́lẹ̀.

Owó orí tó máa wọlé ò ní tó tún gbogbo ẹ̀ ṣe ni?
Ó lè tó, tí ìlú ò bá ti ṣèlérí láti dá lára ẹ̀ padà fún iléeṣẹ́ náà, èyí tí àwọn ìlú kan máa ń ṣe.

Kí la lè ṣe báyìí?
Ẹ lọ gba fáìlì ilé epo náà lọ́wọ́ akọ̀wé ìlú, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ lọ síbi ìpàdé ìta gbangba kí ìgbìmọ̀ ìlú tó dìbò, kẹ́ẹ má kàn sọ pé “a ò fẹ́”, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àṣẹ pé iléeṣẹ́ ló máa fẹ títì, pé iṣẹ́ títì á parí kí pọ́ọ̀ǹpù kankan tó ṣiṣẹ́, pé wọ́n á dá sí owó ọlọ́pàá àti panápaná. Ìlérí ẹnu ò ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dìbò.

Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i ńkọ́?
Iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó títì sábà máa ń fọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà tó já sí títì wọn, ẹ kọ̀wé sí wọn, kẹ́ẹ fi fọ́tò ìlà ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀ báyìí sí i.