Ẹjọ́ Àyíká Kì Í Bẹ̀rẹ̀ ní Kóòtù: Bí Agbẹjọ́rò Tuntun Ṣe Ń Wọ Iṣẹ́ Ìjọba ní Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá wọ ọgbà sẹkitéríàtì ìjọba ní Òkè-Mósàn, tó ń wá yàrá tí wọ́n kọ "agbẹjọ́rò àyíká" sára ilẹ̀kùn rẹ̀, á rìn títí ni. Ìkéde iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn náà kì í sábà jáde. Síbẹ̀, ìkéde yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Law School jókòó dè. Nígbà tí wọn ò bá rí i, àwọn kan á ní ìjọba ò ka àyíká sí nǹkan kan, àwọn mìíràn á ní ó dìgbà táwọn bá lọ gba oyè kejì bọ̀ láti ìlú òyìnbó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Agbẹjọ́rò ni ìjọba ń gbà síṣẹ́. Inú fáìlì tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ ló ti máa bá àyíká pàdé.

Ọdún márùn-ún ní yunifásítì, Law School, ọjọ́ tí Body of Benchers (ìgbìmọ̀ àwọn àgbà nínú iṣẹ́ òfin) pè é sí iṣẹ́, orúkọ nínú ìwé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ọdún kan agùnbánirọ̀: ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ohun kan péré ló yẹ ká dúró lé lórí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni wọ́n ń kọ́ ní Law School: ẹjọ́ ẹni-sí-ẹni, ẹjọ́ ọ̀daràn, òfin ilẹ̀ àti ohun ìní, òfin ilé-iṣẹ́, àti ìlànà ìwà agbẹjọ́rò. Kò sí àyíká níbẹ̀. Èyí ló ń mú kí ẹni tó fẹ́ràn àyíká máa fojú kéré ẹjọ́ ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà wà: ta ló ṣe é, níbo, lọ́jọ́ wo, ẹ̀rí dà? Agùnbánirọ̀ tó bá rí ọ̀nà kó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ tàbí àjọ kan tó ń rí sí àyíká. Fáìlì tó máa kà lọ́dún yẹn, kò sí ibòmíràn tó ti lè rí irú rẹ̀ kà.

Ilẹ̀kùn tó wà pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Civil Service Commission ìpínlẹ̀ ló ń gba State Counsel, ìyẹn agbẹjọ́rò ìjọba, fún Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sábà ń yan agbẹjọ́rò lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba yòókù, títí kan ti àyíká. OGEPA wà fún ààbò àyíká, OGWAMA wà fún pàǹtírí. Níhà ìjọba àpapọ̀, NESREA wà, àjọ tó ń mú kí wọ́n tẹ̀ lé òfin àyíká, èyí tí òfin ọdún 2007 fi rọ́pò FEPA, àjọ àyíká tó wà ṣáájú rẹ̀. FEPA fúnra rẹ̀ jáde lẹ́yìn tí àṣírí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó wá láti Ítálì tú ní ìlú Koko lọ́dún 1988. NESREA ò lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, NOSDRA ti ọdún 2006 ló ń rí sí epo tó bá dà sílẹ̀. Àjọ tó ń ṣàkóso omi odò Ògùn àti Ọ̀ṣun náà, Abẹ́òkúta níbí ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀, tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè gbé kíkó ìdọ̀tí lé lọ́wọ́, ní wolé-wolé tirẹ̀. Kí ẹni tó bá ń wo ìjọba àpapọ̀ kàn rántí pé ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè gbé e lọ. Wọ́n lè gbà á ní Abẹ́òkúta kó bá ara rẹ̀ ní Yola.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti dùn ni ìgbà tí ẹ̀sùn bá dé. Ká ní àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ilé aláró kan kọ̀wé pé omi aró ti wọ kànga àwọn. Ní ìlú àdìrẹ, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kì í ya èèyàn lẹ́nu. Aró òde òní kọjá èlú nìkan. Sódà àti kẹ́míkà tó ń jẹ́ hydrosulphite wà nínú rẹ̀, omi tó sì kù lẹ́yìn iṣẹ́ lè bó èèyàn lọ́wọ́.

Ohun tí ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kó ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè sí abala 20, níbi tí wọ́n ti ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko inú rẹ̀. Abala náà dùn ún kà létí. Ṣùgbọ́n Orí Kejì ló wà, abala 6(6)(c) sì ti sọ pé kóòtù ò ní dá ẹjọ́ lórí Orí Kejì, àyàfi tí òfin mìíràn bá gbé e lẹ́sẹ̀. Kó pa ìwé yẹn dé, kó béèrè ìgò.

Ìgò tí wọ́n máa fi bu omi ni. Wọ́n á bu omi níbi tó ti ń jáde nínú ọgbà aláró, wọ́n á bu ti kànga tí wọ́n torí ẹ̀ kọ̀wé, wọ́n á sì bu ti kànga kẹta tó wà lápá òkè, níbi tí omi aró ò lè ṣàn dé. Láìsí ẹ̀kẹta yìí, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ á béèrè pé ta ló sọ pé kì í ṣe bí omi àdúgbò yẹn ṣe rí látilẹ̀ nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wọn pH, ìyẹn bí omi náà ṣe kan tó, torí kì í dúró sójú kan. Ìgò tí wọ́n máa fi wo BOD, ìyẹn bí ìdọ̀tí inú omi ṣe ń jẹ ọ́síjìn tó, gbọ́dọ̀ wà nínú yìnyín, kí lábù sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀ kí wákàtí 48 tó pé. Ọjọ́, aago, ibi tí wọ́n ti bu ú àti orúkọ ẹni tó bu ú á wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì lẹ ìdérí rẹ̀ pa. Ìwé kan á máa bá àwọn ìgò náà rìn, gbogbo ọwọ́ tó bá gbà wọ́n ló máa fọwọ́ sí i: wolé-wolé, awakọ̀ tó bá jẹ́ òun ló gbé wọn, ẹni tó gbà wọ́n ní lábù.

Ìwé pélébé yẹn ni ẹjọ́ náà. Ká ní wolé-wolé bu omi ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, tí lábù sì fọwọ́ sí i láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi í nínú àpótí ẹlẹ́rìí: níbo ni ìgò yìí sùn lọ́jọ́ Sátidé? Tó bá ní inú fíríìjì ilé òun ni, wọ́n á béèrè iye ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Kò sí òfin àyíká kankan nínú ìbéèrè yẹn, òun ló sì máa gbé ẹjọ́ náà ṣubú. Fọ́tò tí wọ́n fi fóònù yà náà ní wàhálà tirẹ̀. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè ìwé tó máa jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tó gbé e jáde àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Fídíò omi aró tó ń ṣàn lójú títì, tí gbogbo ìlú ti wò lórí WhatsApp, lè máà wọlé ní kóòtù rárá tí kò bá sẹ́ni tó mọ ẹni tó yà á.

Àwọn aláró fúnra wọn ló yẹ kó kọ́ agbẹjọ́rò lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Kí aṣọ oníko tó fojú kan ìkòkò aró, wọ́n ti fi okùn iko di gbogbo ibi tó máa funfun. Ti ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́ sí i lára, ẹ̀kọ láfún náà á sì ti gbẹ kí wọ́n tó rì í. Ìkòkò aró ò mọ iṣẹ́ ọnà kankan. Ohun tí wọ́n bá dì ló ń fi hàn. Kóòtù náà nìyẹn. Ẹni tó dé iwájú adájọ́ kó tó máa wá okùn kiri, aṣọ rẹ̀ ti wọ aró ná. Tí okùn ò bá sì le, aró á yọ́ gba abẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ lè má rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ aṣọ á rí i, adájọ́ sì mọ aṣọ. A tiẹ̀ lè fà á dé kóòtù kòtẹ́milọ́rùn, níbi tí wọ́n ti ń tún aṣọ kan náà rì, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn tuntun mọ́ ọn. Ó tó báyìí.

Kí fáìlì tó dé kóòtù, ìwé ìkìlọ̀ á ti kọ́kọ́ lọ. Wolé-wolé á kọ ọ́ sí aláró pé kó dá omi náà dúró, kó ṣe ibi tó máa dà á sí, kó parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ báyìí, àti pé àwọn ń padà bọ̀ wá wò ó. Àwọn kan máa ń fi ìwé yìí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìjọba ń bẹ arúfin. Àwọn ni ò mọ ohun tí wọ́n ń wò. Nínú gbogbo ètò yìí, ibẹ̀ ni ọgbọ́n pọ̀ sí jù. Kí ni ẹni tó ni kànga fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n ìyá aláró ṣe? Kí omi òun mọ́ ló ń wá. Ìwé náà tún ń ṣiṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀: tí aláró bá kọ̀ ọ́, kò lè dé kóòtù kó ní òun ò mọ̀.

Tó bá wá kọ̀, ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò yẹn kọ́ ló máa dá pinnu. Abala 211 ìwé òfin fi bíbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ ọ̀daràn, gbígbà á ṣe àti dídá a dúró sọ́wọ́ Attorney-General ìpínlẹ̀, ìyẹn agbẹjọ́rò àgbà ìjọba. Abala 174 fi ti ìjọba àpapọ̀ sọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní Abuja, ìyọ̀ǹda rẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ NESREA gbọ́dọ̀ gbà kó tó pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ìmọ̀ràn ni State Counsel ń kọ. Á gba orí tábìlì ọ̀gá kan dé òmíràn, á sì padà wá pẹ̀lú bíírò pupa káàkiri ara rẹ̀. Wọ́n á ní kó sọ ibi tí agbára ìjọba rẹ̀ mọ, torí lọ́dún 2003 Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ nínú ẹjọ́ Èkó àti ìjọba àpapọ̀ pé ètò ìlú, ìyẹn àṣẹ lórí ibi tí wọ́n lè kọ́lé sí àti bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ, jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rí tó dára lọ sí kóòtù tí kò láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà, òfo ló ṣe. Ìgbà mìíràn sì wà tí ìjọba gan-an máa jẹ́ olùjẹ́jọ́: ìdájọ́ ọdún 2018 nínú ẹjọ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC ti jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká lè pe ẹjọ́ láìjẹ́ pé kànga tiwọn ló bàjẹ́.

Ibi tí ètò náà ti mẹ́hẹ ni owó ìtanràn. Abala 27 òfin NESREA, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́dún 2007, ní ti ẹni tó bá da ohun olóró sínú omi, ilẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́, owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù kan náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún márùn-ún. Ilé-iṣẹ́ lè san mílíọ̀nù kan, pẹ̀lú 50,000 náírà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá fi ń lọ. Owó ọdún 2007 ni. Òfin àyẹ̀wò àyíká ti ọdún 1992, tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká, tún kéré sí i: 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún ẹnì kan. Mílíọ̀nù kan lè ti ilẹ̀kùn ìyá aláró ní Ìtòkú pa. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó bá jókòó ṣírò lè rí i pé sísan 50,000 lójoojúmọ́ dínwó ju kíkọ́ ibi tí wọ́n á ti máa tọ́jú omi ìdọ̀tí lọ. Òfin tó yẹ kó ká ẹni ńlá lọ́wọ́ kò, ẹni kékeré ló ń bà lẹ́rù.

Agbẹjọ́rò ìjọba ò sì lè máa gba iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò fi okòwò tàbí iṣẹ́ àdáni kankan sílẹ̀ fún ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá kó má tà á.

Adájọ́ ò lè fi kún iye tí òfin ní kí èèyàn san, State Counsel ò sì lè fi kún un. Ti ìjọba àpapọ̀, Abuja ni wọ́n ti ń yí i padà. Ti ìpínlẹ̀, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Òkè-Mósàn ni. Ṣùgbọ́n àbádòfin tí ìjọba ń gbé lọ síbẹ̀, ẹ̀ka tó ń kọ òfin ní Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìdájọ́ ló ti kọ́kọ́ ń kọjá. Ẹni tó ti ru ìgò wọ kóòtù fún ọdún mélòó kan, tó wá ní kí wọ́n gbé òun lọ sí ẹ̀ka yẹn, wọ́n á máa bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ fi iṣẹ́ àyíká sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ o. Orí tábìlì yẹn ni wọ́n ti ń kọ iye tí ilé-iṣẹ́ ńlá máa san.