Ohun tí ojú ẹ̀rọ FLARM kò lè fi hàn nínú bàálù aláìlẹ́ńjìnnì

FLARM jẹ́ ẹ̀rọ kékeré inú bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, tó ń ta awakọ̀ lólobó bí bàálù mìíràn bá fẹ́ kọ lù ú. Switzerland ni wọ́n ti gbé e jáde ní ọdún 2004. Bàálù aláìlẹ́ńjìnnì yìí ni àwọn tó gbọ́ Faransé ní Àjàṣẹ́ mọ̀ sí planeur. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru láti ilẹ̀ ló ń gbé e ròkè, bó ṣe ń gbé àwòdì tó ń rábàbà lókè àpáta Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti dára ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, ibẹ̀ náà sì ni ewu wà.

Ẹ̀rọ náà kì í ríran, etí ló ní. Ó ń fi GPS mọ ibi tó wà, ó sì ń fi rédíò kéde ọ̀nà tó fẹ́ gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ní Yúróòpù, ìgbì rédíò tó tó nǹkan bíi 868 MHz ló ń lò. FLARM mìíràn tó bá gbọ́ ìkéde náà á ṣírò bóyá ọ̀nà àwọn méjèèjì máa pàdé. Ẹni tí kò bá kéde kò sí lójú rẹ̀ nìyẹn, ìbáà ṣe bàálù tí kò ní FLARM tàbí ẹyẹ igún. Ẹni tó ń gun zémidjan ní oríta Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ọkọ̀ tí kò fọn fèrè náà lè gbá ènìyàn.

Bàálù ńlá tó ń balẹ̀ sí Cadjehoun ní Kútọnu ní ẹ̀rọ tirẹ̀, TCAS, ṣùgbọ́n transponder, ẹ̀rọ inú bàálù tó ń fi rédíò dáhùn bí wọ́n bá pè é, ni TCAS ń bá sọ̀rọ̀, kì í gbọ́ FLARM. Àwọn FLARM tuntun kan ń gbọ́ transponder. Àmọ́ bí transponder náà kò bá sọ ibi tó wà, ẹ̀rọ kàn ń díwọ̀n bó ṣe jìnnà tó ni, kò mọ apá ibi tó ti ń bọ̀.

Ojú ẹ̀rọ gan-an tún ní wàhálà tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ iná wínníwínní tó tò yí ká bí ojú aago, bàálù kan ṣoṣo tó léwu jù ló sì ń tọ́ka sí. Iná tó wà lókè pátápátá dúró fún ibi tí bàálù ń lọ lórí ilẹ̀, ibi tí imú rẹ̀ kọjú sí sì lè yàtọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní ẹnì kan ń fò láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Kétu, ní ìhà gúúsù, tí ọyẹ́ ń tì í láti apá òsì ní kìlómítà 30 ní wákàtí kan, tí òun fúnra rẹ̀ ń sáré 100. Kó má baà yà bàrá, ó ní láti yí imú bàálù sí òsì tó nǹkan bíi dígírì 17. Iná òkè tàn, ó wo ọ̀kánkán imú bàálù, kò rí nǹkan kan. Apá ọ̀tún ni bàálù kejì wà.

Bí bàálù bá ń yí po nínú afẹ́fẹ́ gbígbóná, ọ̀rọ̀ náà tún le. Ìyípo kan lè gba ìṣẹ́jú-àáyá 25. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì tí awakọ̀ fi gbójú kúrò lára iná wo ìta, bàálù ti yí tó nǹkan bíi dígírì 29, bí ẹni pé ọwọ́ aago ti sún nọ́ńbà kan.

Àkókò gan-an kò sí. Ìkìlọ̀ tó gbẹ̀yìn máa ń dún nígbà tó bá ku nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 8. FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Amẹ́ríkà, sì ṣírò pé kí awakọ̀ tó rí nǹkan, kó mọ ohun tó jẹ́, kó pinnu, kí bàálù tó yà, á tó ìṣẹ́jú-àáyá 12.5.

Bàálù tí wọ́n fi carbon ṣe máa ń dí rédíò lọ́wọ́, ara awakọ̀ pàápàá ń dí i. Bí wọn kò bá gbé áńtẹ́nà síbi tó tọ́, ẹ̀rọ lè má gbọ́ ti ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ rárá. Bí wọn kò bá sì tètè gbọ́ ara wọn, àkókò ò ní tó: bàálù méjì tó dojú kọ ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sáré kìlómítà 200 ní wákàtí, ìṣẹ́jú-àáyá 9 ni wọ́n fi ń jẹ kìlómítà kan tó wà láàárín wọn.

Àwọn tó ṣe FLARM fúnra wọn sọ pé àfikún ni fún ojú awakọ̀. Nínú eruku ọyẹ́, irú èyí tó máa ń bo Kétu, ojú kì í ríran jìnnà, ìgbà yẹn gan-an sì ni iná kékeré náà ń fa ojú jù. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ kan fi yan ẹ̀rọ tó ń fohùn sọ ìkìlọ̀, kí ojú wọn lè wà níta.