Bí a ṣe ń yan hítà omi tuntun fún ilé ní Ìbàdàn

Kì í ṣe gbogbo hítà tí kò gbé omi gbóná mọ́ ló yẹ kí a pààrọ̀. Bí iná bá ń dé ibẹ̀ tí omi ṣì tutù, élímẹ́ńtì (irin tó ń gbé omi gbóná) tàbí thermostat (ohun tó ń gé iná bí omi bá ti gbóná tó) ló sábà máa ń bàjẹ́, a sì lè ra èyí tó bàjẹ́ nínú wọn lọ́tọ̀. Bí bíréékà bá ń já ní gbogbo ìgbà tí a bá ti tan án, ó ṣeé ṣe kí élímẹ́ńtì ti là kí omi sì ti wọ inú rẹ̀. Ìyẹn náà ṣeé tún ṣe. Ìgbà tí agolo inú rẹ̀ gan-an bá ń jò, tí omi aláwọ̀ ìpẹtà ń kán lábẹ́ ìbòrí, ló tó pààrọ̀. Irin tó ti jẹra kò ṣeé jó pọ̀. Bí wọ́n bá dí ihò kan, òmíràn yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ní agolo tó ń tọ́jú omi gbígbóná, láti lítà 15 dé 100. Èkejì kò ní agolo, omi ń gbóná bó ṣe ń kọjá lọ sí ṣáwà. Èkejì yìí kì í gba àyè, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ ènìyàn lójú. Ṣùgbọ́n iná tó ń jẹ pọ̀. Èyí tó jẹ́ watt 5,500 ń fa nǹkan bí ampere 24 lórí iná 230 volt, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ibi bíréékà, nọ́ńbà 4 tàbí 6, kì í ṣe wáyà 2.5 ti sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní súìtì kékeré kan tí omi gbọ́dọ̀ tì kó tó tan. Tánkì gbọ́dọ̀ fi mítà 10 ga ju ṣáwà lọ kí agbára omi tó pé bar kan. Tánkì tó wà lórí òpó kúkúrú kò sún mọ́ ọn rárá. Omi á máa ṣàn, hítà sì lè má tan.

Èyí tó tún burú jù ni pé aago mẹ́fà àárọ̀ tí a fẹ́ fi wẹ̀ lè jẹ́ ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Hítà alágolo lè gbé omi gbóná ní aago méjì òru tí iná wà, fóòmù tó yí agolo ká á sì pa ooru rẹ̀ mọ́ di àárọ̀. Fún ilé tí kò sí lórí Band A, tí iná kì í wà fún wákàtí 20 lójúmọ́, alágolo ni kí a rà.

Iná tí kò lágbára tún ń fa ìdádúró. Bí volt bá já sí 180, élímẹ́ńtì watt 1,500 kò ní ṣe ju bíi watt 920 lọ. Láti gbé omi lítà 30 kúrò ní 25 dígírì dé 60 ń gba bí ìṣẹ́jú 50 nígbà tí iná bá pé; lórí 180 volt, ó di ìṣẹ́jú 80. Ọ̀pọ̀ hítà tí wọ́n ń pè ní ayédèrú, iná àdúgbò ló fà á.

Ní ti ìwọ̀n, garawa ni kí a fi ṣírò, torí garawa la fi ń wẹ̀ nílé púpọ̀. Garawa lítà 20 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń gba bíi lítà 9 omi tó gbóná dé 60 dígírì, a ó sì fi omi tútù kún un. Lítà 30 yóò tó garawa mẹ́ta, lítà 50 yóò tó márùn-ún. Nígbà ọyẹ́, tí omi inú tánkì tutù jọjọ, ó lè dín díẹ̀. Lítà 50 ń jẹ nǹkan bí yúníìtì méjì láti gbóná tán, yúníìtì kan lórí Band A sì ti lé ní 200 náírà láti oṣù kẹrin ọdún 2024. Ẹni méjì tó ra lítà 100 ń fowó gbé omi tí wọn kò ní lò gbóná. Kí a má sì so ó mọ́ ínfátà. Watt 1,500 yóò gbẹ bátìrì 220Ah kan láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀.

Kí ẹni tó ń rà wo ojú ibi tí wọ́n máa kọ́ ọ sí dáadáa. Lítà 50 tó kún wúwo tó àpò sìmẹ́ǹtì kan àti ààbọ̀. Bọ́ọ̀tì lásán nínú búlọ́ọ̀kù oníhò yóò fà tu. Kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ sí ẹ̀yìn ògiri kí bọ́ọ̀tì náà là á já. Èyí tí wọ́n ṣe láti dúró lóòró kò ṣeé kọ́ ní ìbú, torí páìpù inú rẹ̀ kò ní kan omi gbígbóná tó wà lókè. Páìpù PPR ni kí ó gbé omi gbígbóná. PVC lásán máa ń rọ̀.

Wáyà earth, tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, kì í ṣe ohun àfojúfò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lè ní ihò mẹ́ta láìsí ọ̀pá earth kankan nínú ilẹ̀, bí élímẹ́ńtì bá sì là nírú ilé bẹ́ẹ̀, omi tí ènìyàn ń wẹ̀ ni yóò gbé iná. Kí oníṣẹ́ iná wá ọ̀pá náà rí kó tó kọ́ hítà, kó sì fi bíréékà tó ń gé iná bí èyí tó ń jò bá dé 30 milliampere sí i.

Fáàfù kékeré tó wà níbi tí omi tútù ń gbà wọlé yóò máa kán bí omi bá ń gbóná. Kò bàjẹ́: omi tó gbóná máa ń wú, lítà 50 ń fi ohun tó lé ní ìdajì lítà pọ̀ sí i. Ẹni tó bá dí i ti dí ọ̀nà àbájáde kan ṣoṣo tí agolo ní, bí thermostat bá sì kọ̀ láti gé iná, agolo lè bẹ́. Kí a fi ọ̀pá rọ́bà kékeré darí rẹ̀ sí ojú àgbàrá.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọ tán, kí a ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná títí omi fi ń ṣàn láìsí atẹ́gùn, kí a tó tan iná. Élímẹ́ńtì tó tan nínú agolo òfìfo kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kó tó jó. Níbi tí wọ́n ti ń lo omi kànga tàbí bóhò, kí púlọ́ńbà ṣí i lẹ́yìn ọdún kan, kó gbọ́n ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ kúrò, kó wo ọ̀pá magnesium tó ń jẹra dípò agolo. Bó bá ti tín-ín-rín, kó pààrọ̀ rẹ̀.